Bàtà Kẹ̀kẹ́ fún Ẹ̀yin Obìnrin: Ẹ Mọ Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Dọ́jà

 Bí Yorùbá wa bá lọ́ níbì kan, ẹ forí jì wá; Sábóngàrí Kánò ni a dàgbà sí, Háúsá ni a fi ń ná ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwa ni a jìn sí kòtò náà.

Nígbà tí owó ọkọ̀ kò ṣeé san mọ́, a ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ láti máa gbé wa lọ sí kíláàsì. Bàtà kánfáàsì rírọ̀ ni a ń wọ̀ gùn ún. Kí a tó dé, ìka ẹsẹ̀ wa á ti kú, a kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Lọ́jọ́ kan, okùn bàtà wọ inú ṣéènì, a sì ṣubú sí ẹ̀bá títì. Orúnkún bó, ìdánwò ọjọ́ náà sì kọjá lórí wa. A wá lọ ra bàtà ọkùnrin kékeré nínú òkìrìkà. Ìyẹn tún burú jù: gìgísẹ̀ wa ń yọ jáde.

Kí ló ń pa ẹsẹ̀? Orí irin kékeré ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bí a bá ń wa kẹ̀kẹ́. Bí ìsàlẹ̀ bàtà bá rọ̀, yóò tẹ̀ mọ́ pẹ́dáàlì náà, gbogbo agbára á kó jọ sí ojú kan, á sì máa fún àwọn iṣan tó wà láàárín eegun ìka ẹsẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá le, agbára náà á tàn ká.

Ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ ńkọ́? Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkùnrin tí ẹsẹ̀ wọn jọ gùn dọ́gba, bí iwájú ẹsẹ̀ náà bá tilẹ̀ fẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ra bàtà ọkùnrin tó gba iwájú, gìgísẹ̀ á máa yọ. Bí ẹ bá ra èyí tó di gìgísẹ̀ mú, yóò fún ìka pa. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín jẹ. Bàtà ọkùnrin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ òdòdó kò tíì di ti obìnrin.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀ yín, torí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ dìde dúró lórí ìwé, kí ẹnìkan fi bírò yí ẹsẹ̀ yín ká. Ẹ wọn méjèèjì, kí ẹ lo èyí tó gùn jù. Nínú nọ́ńbà àwọn ará Yúróòpù, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà. Nítorí náà, inú bàtà 39 gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 26. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 25 á ní ààyè sẹ̀ǹtímítà kan níwájú, ìyẹn sì tó. Ẹ gé ìwé náà, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà, kí ẹ tì í bọ inú bàtà.

Bí ẹ bá dé ibi òkìrìkà, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ di iwájú àti ẹ̀yìn bàtà mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ká bí ẹ̀kọ tútù, ẹ fi sílẹ̀.

2. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Irú ìsàlẹ̀ kan wà tó máa ń jẹrà bó bá pẹ́ nílẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Bó bá ń rún, kò sí ohun tí ṣúmékà lè ṣe sí i.

3. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ihò mẹ́ta jẹ́ ti àwọn eléré-ìje, fún irú pẹ́dáàlì tí ilé-iṣẹ́ Look gbé jáde ní 1984. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán, á máa yọ̀ lórí pẹ́dáàlì lásán, kò sì ṣeé fi rìn. Ihò méjì, irú èyí tí Shimano gbé jáde ní 1990, sábà máa ń ní rọ́bà lábẹ́; ìyẹn ṣeé wọ̀ dé kíláàsì.

4. Bó bá jẹ́ olókùn, ẹ ki ìdí okùn bọ inú bàtà kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ bi orúnkún wa!

Ní 2024, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris, Ese Ukpeseraye tó ṣojú Nàìjíríà yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kó tó lè díje. Kẹ̀kẹ́ ṣeé yá, ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹsẹ̀ kò ṣeé yá. Ẹ tọ́jú tiyín. Ó dìgbà kan ná o.