Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ọmọ olówó nìkan ló ń ta ṣẹ́ẹ̀sì?

Rárá o! Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ni Túndé Onakoya, ọ̀tayò ṣẹ́ẹ̀sì, ti kọ́ ọ. Ní 2018, ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà l'Ékòó. Ní oṣù kẹrin 2024, ó ta á fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, láti fi wá owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé.

Èmi náà ń kọ́ ọmọdé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí:

1️⃣ Ẹ má kó gbogbo ọmọ ayò 32 sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ọba kan àti ọmọ-ogun mẹ́jọ fún oníkálukú ti tó. Ọmọ-ogun kì í rìn padà sẹ́yìn. Tó bá dé ìlà tó kẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó lè di ayaba. Ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ rí i pé èyí tó kéré jù lórí pátákó ti di ayaba, ńṣe lojú ẹ̀ máa ń tàn yanran. Kò tíì sú mi í wò rí.

2️⃣ Kí ọmọ náà fọwọ́ lẹ́rán, kó wò ó dáadáa kó tó gbé ọmọ ayò. Nínú ìdíje, èyí tó o bá fọwọ́ kàn lo máa gbé.

3️⃣ Tí ọmọ náà bá pàdánù, ẹ má bá a wí. Ẹ jọ tún ọmọ ayò tò, kẹ́ ẹ bi í pé, "Kí lo rò níbí?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́.

Ta ló kọ́ yín ní ṣẹ́ẹ̀sì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí òbí kan. 👇🏾♟️