Òkúta Kan, Ọmọ Mẹ́ta

Ọdún tí bàbá wa kọ́kọ́ dé ìlú Duluth, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ló ṣa òkúta kan létí adágún Superior. Agate ni. Kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n níbi tó ti fọ́ díẹ̀, ìlà pupa àti funfun tò lé ara wọn bí aṣọ òkè. Irin inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di pupa. Inú ihò àpáta yíyọ́ tó ti tutù ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀, ó lé ní bílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn. Láti 1969 ló sì ti jẹ́ òkúta iyebíye ìpínlẹ̀ náà. Bàbá a máa fi itọ́ ra á kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ. Màmá a máa bínú sí i.

Bàbá ti kú báyìí. Ìbejì àti Ìdòwú ni wá, òkúta sì jẹ́ ẹyọ kan. Ìdòwú ní ká gé e sí mẹ́ta. Màmá, ọmọ Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta pupa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ làńtànà nígbà kan rí, wò ó títí: "Ṣé iṣu ni?"

A gbé e lọ bá agbẹ́kùúta kan. Ó fi omi rẹ ẹ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fi ìka tọ ibì kan tó ti sán gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ní bí òun bá fi ayùn dáyámọ́ńdì là á, a lè rí ẹwà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ó sì lè jẹ́ ihò lásán la máa bá, tàbí kó fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tí ayùn bá sì jẹ ti di eruku.

A gbé e padà sílé. Oṣù mẹ́rin mẹ́rin ló ń lò lọ́dọ̀ kálukú wa. Ìdòwú ṣì ń kùn. Ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé ló wà báyìí, lójú fèrèsé, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń gba ojú ibi tó fọ́ wọlé.