Kí Ló ń Họ Ọ̀dà Mọ́tò Yín Lẹ́yìn Tí Ẹ Bá Fọ̀ Ọ́ Tán?

Tí ẹ bá dé ilé epo lálẹ́, ẹ wá mọ́tò dúdú kan tó dúró lábẹ́ iná, kí ẹ wo orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó yí iná náà ká bí òwú aláǹtakùn. Mọ́tò tí olówó rẹ̀ ń gbé lọ fọ̀ ní gbogbo ìgbà ni ẹ ti máa ń rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ jù. Ó ṣe wá jẹ́ pé ẹni tó ń tọ́jú mọ́tò rẹ̀ gan-an ni mọ́tò rẹ̀ ń họ? Fífọ̀ ní ẹ̀bi tiẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìlà yẹn ń wọlé nígbà tí a bá ń nu omi kúrò lára mọ́tò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá yẹn gan-an la kì í ronú sí. Aṣọ tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà la fi ń nù ún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń nù. Ọ̀dà mọ́tò òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ wà tó lẹ̀ mọ́ irin kí irin má bàa dípẹtà. Orí ìyẹn ni wọ́n kun àwọ̀ tí à ń rí sí, pupa ni o, dúdú ni o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, bo gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń kun mọ́tò ń pe èyí ní kílíà. Kílíà ló ń jẹ́ kí mọ́tò dán, òun náà ló sì ń jẹ ìyà oòrùn àti òjò. Ẹ wá mú bébà A4 kan lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Bí bébà yẹn ṣe nípọn tó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bí gbogbo ọ̀dà tó wà lára mọ́tò ṣe nípọn nígbà tó ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Kílíà nìkan kì í sábà ju ìdajì bébà náà lọ. Irun orí yín kan ṣoṣo lè nípọn jù ú lọ. Ohun tó ń dán tí a fi ń yangàn nìyẹn o!

Wàyí o, kí ló ń họ ọ́? Iyanrìn ni. Ní ọdún 1812, Friedrich Mohs, onímọ̀ nípa òkúta tó jẹ́ ará Jámánì, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí a fi ń mọ òkúta tó lè họ òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó parí sí 10, dáyámọ́ńdì ló sì wà lókè pátápátá. Èékánná wa wà ní nǹkan bíi 2.5, gíláàsì fèrèsé wà láàárín 5 sí 6. Kúọ́tísì, tó pọ̀ jù nínú iyanrìn tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, wà ní 7. Ìyẹn ni pé iyanrìn tó kéré débi pé ojú lásán ò rí i lè họ gíláàsì, ká má tíì sọ ọ̀dà tó rọ̀ ju gíláàsì lọ.

Nígbà ọyẹ́ ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Eruku tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbé wá bá wa ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti kòtò ilẹ̀ ńlá tó ń jẹ́ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi kan wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ. Kúọ́tísì wà nínú eruku yẹn náà. Á rọra bà sórí mọ́tò bíi páúdà, àwọn kan á sì mú aṣọ gbígbẹ, wọ́n á fi gbá a kúrò kí wọ́n tó jáde láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Kò yàtọ̀ sí ká fi sáńpépà nu mọ́tò.

Tí a bá ń fọ mọ́tò lọ́wọ́, omi àti ọṣẹ tó ń hó máa ń gbé iyanrìn kúrò lára ọ̀dà, á sì yọ̀ kọjá. Nígbà tí a bá wá ń nù ún, omi ti ń tán lọ, ọwọ́ wa sì ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Iyanrìn tó bá ṣẹ́kù ò ríbi sá sí mọ́, ojú ọ̀dà ló máa gbà kọjá.

Àwọn ìlà tó yí iná ká yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ó lè dà bíi pé ṣe ni ẹnì kan ń fi ọwọ́ yípo níbẹ̀. Ní tòótọ́, onírúurú ọ̀nà ni àwọn ìlà náà dojú kọ, ó kàn jẹ́ pé àwọn tó dábùú iná nìkan ló ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú wa. Ẹ tan iná fóònù yín, kí ẹ máa sún un kiri lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibi tí iná bá lọ ni òbìrìkìtì náà máa ń tẹ̀ lé e lọ.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí ká kúkú fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀?" Rárá o. Omi tí à ń lò kì í ṣe omi nìkan. Ẹ wo inú kẹ́tù tí ẹ fi ń se omi bọ̀họ̀ọ̀lù. Nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹn, kálísíọ̀mù àti màgnẹ́síọ̀mù tí omi gbé bọ̀ láti inú òkúta abẹ́ ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Omi máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, àwọn yẹn ò lè bá a lọ. Nítorí náà, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan tó bá gbẹ sórí mọ́tò máa ń fi òrùka funfun sílẹ̀. Òrùka ló ń jẹ́ nítorí pé etí ẹ̀kán omi ló ń tètè gbẹ, omi àárín á wá máa ṣàn lọ sí etí, á sì máa kó ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí kọfí bá kán sórí tábìlì.

Kò dọ́gba níbi gbogbo. Omi kànga tó bá ti inú òkúta ẹfun jáde, irú òkúta tí wọ́n ń wà fi ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ ju omi òjò lọ. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ èyí tí tiyín jẹ́. Tí ọṣẹ ìwẹ̀ ò bá tètè hó nínú rẹ̀, omi náà le nìyẹn. Tí ẹ bá rí omi òjò tó mọ́ gbè, òun ló dáa jù fún ìṣànnù ìkẹyìn.

Oòrùn ló ń dá kún un, torí pé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná á ti gbẹ omi kí ọwọ́ yín tó dé ibẹ̀. Àwọn kan tún gbà pé ẹ̀kán omi máa ń ṣe bí awò tó ń kó oòrùn jọ láti fi jó ọ̀dà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó jókòó sórí irin ní ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá ì bá ti péjọ jìnnà ju ìsàlẹ̀ yẹn lọ. Kí ìmọ́lẹ̀ náà tó péjọ ló ti kan ọ̀dà. Ohun tí omi fi sílẹ̀ ni ká bẹ̀rù.

Ó yá, báwo ni ká ṣe nù ún? Omi fúnra rẹ̀ lè bá wa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ yọ orí tó ń fọ́n omi kúrò lẹ́nu ọ́ọ̀sì, kí omi máa ṣàn jẹ́jẹ́ láti òrùlé mọ́tò wálẹ̀. Omi máa ń fa omi mọ́ra. Tí ìṣàn kan bá ń lọ, á kó àwọn ẹ̀kán tó bá pàdé lọ́nà, á wọ́ wọn lọ. Èyí tí ẹ bá fọ́n wẹ́liwẹ̀li, ẹ̀kán tuntun ló ń dá sílẹ̀. Ẹni tí ò ní ọ́ọ̀sì lè fi garawa rọra dà á láti òkè. Ó ṣiṣẹ́ jù lára mọ́tò tí wọ́n ti fi wax pa, èyí sì wà lára ìdí tí ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ò fi dáa fún mọ́tò: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ ọ̀rá, á yọ wax náà mọ́ ọn. Ibi tí oòrùn ò dé ni kí ẹ ti ṣe é, àmọ́ kì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò o, kí ẹyẹ má tún lọ gbé iṣẹ́ míì fún yín.

Ní ti aṣọ, ẹ gbàgbé síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti fóòmù tí wọ́n gé lára bẹ́ẹ̀dì. Táwẹ̀lì microfibre ni kí ẹ wá, èyí tí irun rẹ̀ gùn díẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ṣe é tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì, wọ́n sì la òwú náà sí wẹ́wẹ́ débi pé àlàfo kéékèèké kún inú rẹ̀. Àlàfo yẹn ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì gòkè. Iyanrìn tó bá ṣẹ́kù náà máa ń rì sáàárín irun rẹ̀ dípò kó dúró lójú aṣọ.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ rọra fà á sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi yípo. Òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ táyà, ibẹ̀ ni iyanrìn pọ̀ sí jù, aṣọ tiwọn lọ́tọ̀ ni. Tí aṣọ bá já bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ yẹn, gbígbọ̀n ò ràn án. Tí ẹ bá fẹ́ fọ aṣọ náà, ẹ má fi omi olóòórùn dídùn tó ń jẹ́ kí aṣọ rọ̀ sí i, torí á di àlàfo inú rẹ̀, kò sì ní fa omi dáadáa mọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, aṣọ kan náà ló ń nu mọ́tò mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìkọ́lé dé. Mi ò bá àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà wí, ohun tí ọ̀gá bá rà fún wọn ni wọ́n ń lò. Ẹ fi táwẹ̀lì méjì tiyín sínú búùtù, kí ẹ sọ fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi tèmi nù ún." Owó rẹ̀ ò tó ti pọ́líìṣì. Pọ́líìṣì náà, díẹ̀ lára kílíà ló ń fá kúrò kí ìlà tó pa rẹ́, a sì ti rí i pé kílíà yẹn ò pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí ni bíréèkì. Lẹ́yìn tí a bá fọ mọ́tò tán, omi máa ń wà láàárín páàdì àti dísìkì, bíréèkì sì lè má tètè mú nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó wọ ojú títì tó ń já fáfá, ẹ wà á jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin. Ooru tí ìfaragbolẹ̀ yẹn ń mú wá ló máa gbẹ omi náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbé e sílé pẹ̀lú. Tí ẹ bá fa háńbíréèkì sókè nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣì tutù, ìpẹtà lè lẹ bíréèkì ẹ̀yìn pọ̀ mọ́jú, mọ́tò á kọ̀ láti lọ láàárọ̀. Kí ẹ sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Ihò kéékèèké wà nísàlẹ̀ wọn tí omi ń gbà jáde. Tí ẹrẹ̀ bá dí i, inú ni irin á ti máa jẹrà, ẹ ò ní mọ̀ títí ọ̀dà á fi máa wú.

Tí òrùka funfun bá ti wà lára mọ́tò yín, ẹ da fínígà funfun pọ̀ mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ lé e fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ásíìdì inú fínígà á yọ́ nǹkan funfun náà, díẹ̀ á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tí kò bá lọ, ó ti jẹ wọnú kílíà, ẹni tó mọ pọ́líìṣì ló kù tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀.