Ẹ̀kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Apẹja Røst

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, Røst jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kékeré láàárín òkun, ní ìpẹ̀kun Lofoten, nílẹ̀ Nọ́ọ́wè. Àwọn ará ibẹ̀ kò tó 600, ṣùgbọ́n pańlá wọn ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Láyé àtijọ́, oníṣòwò ló ń dá iye lé ẹja wọn. Ní 1938, àwọn apẹja àríwá Nọ́ọ́wè dá ẹgbẹ́ Norges Råfisklag sílẹ̀. Òfin sì fún un láṣẹ láti fi iye tó kéré jù lélẹ̀. Títí di òní, oníṣòwò kò gbọdọ̀ san iye tó dín sí i.

Bí a ti ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, a ń rí àwọn tó ń yọ́ kókó tà lẹ́yìn ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ẹni tó bá dá tà, iye tí wọ́n bá pè ni yóò gbà.