Àwọn Olùkọ́ Tí A Kọ́ Lórí Òkè Kí Wọ́n Tó Rékọjá Òkun

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni ó ṣì rántí àwọn ọ̀dọ́ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n wá ṣe olùkọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa láti ọdún 1961. Ẹgbẹ́ tí ó rán wọn ni Peace Corps, èyí tí Ààrẹ John F. Kennedy dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún náà. Ọdún 2 ni ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ máa ń fi sìn ní ilẹ̀ òkèèrè. Owó tí yóò fi jẹun, tí yóò sì fi gbọ́ bùkátà ni a ń fún un. Púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Wọn kò tíì kọ́ni rí, wọn kò sì tíì gbé láàárín àjèjì rí. Nítorí náà ni ó fi di dandan pé kí a kọ́ wọn kí wọ́n tó lọ.

Ní ọdún 1961 kan náà, ẹgbẹ́ yìí ṣí àgọ́ kan sórí òkè, nínú igbó kìjikìji ní ìtòsí ìlú Arecibo. Erékùṣù Puerto Rico ni Arecibo wà, nínú òkun Káríbíà, lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. William Sloane Coffin, àlùfáà Yunifásítì Yale, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, àgọ́ náà di méjì. Orúkọ tí a sọ wọ́n ni Crozier àti Radley, ní ìrántí àwọn ọ̀dọ́kùnrin 2 nínú ẹgbẹ́ náà tí wọ́n kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Kòlóńbíà ní ọdún 1962.

Iṣẹ́ àgọ́ náà kò rọrùn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti máa ń sáré. Wọ́n máa ń fi okùn sọ̀kalẹ̀ lára àpáta gíga. A máa ń di wọ́n lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ nínú omi, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí kò bá jáyà lè léfòó pẹ́, kí ó sì máa gbé orí sókè láti mí. Wọ́n máa ń fi ọjọ́ mélòó kan rìn nínú igbó pẹ̀lú máàpù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a lọ gbé ní ilé àwọn ará abúlé tí wọn kò mọ̀ rí.

Bí ẹnìkan bá bèèrè ohun tí àpáta ní í ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ olùkọ́, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn. Ní ọdún 1941, nígbà ogun, Kurt Hahn àti Lawrence Holt ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Outward Bound ní Aberdovey ní ilẹ̀ Wales. Wọ́n rí i pé bí ọkọ̀ bá rì, àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ a máa kú ju àwọn àgbà lọ. Wọ́n gbà pé kì í ṣe agbára ni ó ń tán nínú wọn bí kò ṣe ìgboyà. Ẹni tí ó bá ti borí ẹ̀rù kan lórí òkè, ọkàn rẹ̀ kò ní í tètè rẹ̀wẹ̀sì níbòmíràn.

Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí Gúúsù Kamẹrúùnù ṣì wà lábẹ́ ìṣàkóso Nàìjíríà, Alec Dickson ṣí ibùdó kan sí Man O' War Bay, ní ìsàlẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù. Àwọn ọ̀dọ́ wa gun òkè náà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ ìlú ní àwọn abúlé. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Man O' War ti di mímọ̀ láàárín wa. Ní ọdún 1958, Dickson àti Mora aya rẹ̀ dá ẹgbẹ́ VSO sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, láti máa rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sìn ní òkèèrè.

Síbẹ̀, ìgboyà nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé nìkan kò tó. Yunifásítì Harvard ni a ti kọ́ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí Ìbàdàn, kì í ṣe orí òkè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1961, ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí káàdì, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ó jọ ẹ̀gàn ṣàpèjúwe ìgbé-ayé àwọn ará ìlú. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, inú sì bí wọn gidigidi. Ó tọrọ àforíjì, ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Peace Corps pa àwọn àgọ́ orí òkè náà tì. Orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ yóò ti sìn ni a wá ń kọ́ ọ: a fi í sílé onílé, ó ń kọ́ èdè wọn, ó ń kọ́ bí a ṣe ń kí àgbà, ó sì ń kọ́ni lójú àwọn tí ó mọ iṣẹ́. Ohun tí àwọn tí a kọ́ ní Puerto Rico fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe ní ilé àwọn ará abúlé ni ó wá di gbòógì ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá pẹ̀lú. Láti ọdún 1987, Nàìjíríà ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Technical Aid Corps, tí ń rán olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sìn fún ọdún 2 ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Káríbíà àti Pàsífíìkì. Nígbà tí ọmọ ilé wa bá ń múra irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, ó dára kí ara rẹ̀ le, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni níbi tí ó ń lọ.