Òròmọdìẹ Mẹ́wàá ní Àkóbọ̀

Páálí tí wọ́n kó òròmọdìẹ sí kì í dákẹ́. Kí kọ̀rọ̀pẹ̀ tó gbé wa dé Àkóbọ̀, awakọ̀ ti bojú wẹ̀yìn títí, ó ní, "Ìyáàfin, ṣé oko lẹ fẹ́ kó wọ Ìbàdàn ni?" Àbúrò mi, ìyá ìbejì, rẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ bo ihò ẹ̀gbẹ́ páálí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Òròmọdìẹ Noiler mẹ́wàá péré ló rà. FUNAAB Alpha ló kọ́kọ́ béèrè, èyí tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta mú jáde láti ara adìẹ ìbílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà lọ́jọ́ náà. Méjèèjì ló dára fún ẹ̀yìnkùlé: wọ́n mọ bí a ti ń jẹ̀ káàkiri, ara wọn sì le.

Ní tèmi, ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kó má rà ju báyìí lọ, kó lè máa rí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro lójú ọ̀nà. Pupa ẹyin tó ṣẹ́ kù nínú ikùn òròmọdìẹ lè bọ́ ọ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tó bá jáde nínú ẹyin. Òtútù ni kò lè gbà.

Nílé, inú sítọ̀ ni àbúrò mi ti fi páálí fìríìjì ṣe ọgbà róbótó. Kò fẹ́ igun kankan níbẹ̀, torí inú igun ni wọ́n máa ń fún ara wọn mọ́ra tí wọ́n fi ń tẹ ara wọn pa. Ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà fá kúrò lára pákó ló tẹ́ sílẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó kò dára, wọn yóò máa ṣà á jẹ. Ó gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ẹnu wọn bọ omi tó po gúlúkóòsì sí. Ọ̀kan gbójú sókè, ọ̀fun rẹ̀ mì, ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ ba láti mu sí i.

"Ìyẹn ti mọ̀ ọ́n," ni Kẹ́hìndé wí.

A so gílóòbù kan sókè ọgbà náà. Ooru tí wọ́n ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní tó 35 ní ìwọ̀n Celsius, a ó sì máa dín bíi 3 kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àbúrò mi kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru. Àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn ló ń wò. Nígbà tí iná sún mọ́ wọn jù, gbogbo wọn sá lọ sétí páálí, wọ́n lanu, wọ́n na ìyẹ́. A fà á sókè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rọ́ jọ sábẹ́ rẹ̀, igbe wọn sì yí padà, ó le, kò sinmi. A tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yìí ni wọ́n tàn ká: àwọn kan ń jẹun, àwọn kan ń họ ilẹ̀, ọ̀kan na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sùn gbalaja. Táíwò rò pé ó ti kú, ó figbe ta.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Àbúrò mi kò tilẹ̀ bú NEPA. Ìkòkò amọ̀ ti wà níta, èédú inú rẹ̀ ti pọ́n. Ó gbé e wọlé, ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀, torí èédú tó ń jó nínú yàrá tí a sé pa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn jáde, ó lè pa adìẹ, ó lè pa ènìyàn tó bá sùn tì í.

Káfíńtà ti ń kan ilé àwọn òròmọdìẹ lẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀ ilé náà ga nítorí àgbàrá, ọ̀pá tí wọn yóò máa wọ̀ sí sì ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka mi méjì ló wọ ojú nẹ́ẹ̀tì tó rà. Mo sọ fún un pé àwòdì nìyẹn lè dá dúró. Eku àti ejò yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ alábẹ̀rẹ̀ ń fojú kéré ni àjẹsára lúkúlúkú. Ìgò àjẹsára Lasota kan lè tó igba adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè pò ó tán kí a fi ìyókù pamọ́. Láàárín wákàtí méjì ó yẹ kí wọ́n ti mu ún tán. Nítorí náà àbúrò mi ti lọ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò tó ní adìẹ, kí wọ́n jọ dá owó rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Omi kànga ni wọn yóò fi pò ó. Kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sómi ẹ̀rọ ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Àwọn ìbejì ti sọ wọ́n lórúkọ: Sìsí, Ẹ̀bà, Bọ́ọ̀sì. Ìyá wọn ní kí wọ́n rọra, torí ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ogbe orí tó fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo. Abo kò nílò akọ kó tó yé ẹyin, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù márùn-ún. Onílé ẹ̀gbẹ́ wọn kò sì fẹ́ gbọ́ àkùkọ tó ń kọ láfẹ̀mọ́júmọ́.

"Àwọn akọ ńkọ́, Mọ́mì?"

"Ọdún Kérésì ń bọ̀."

Kẹ́hìndé wo Bọ́ọ̀sì títí, ó ní, "Abo ni tèmi."