Òkété Sísìn ní Agbègbè Ajue: Ìgbà Tó Yẹ Ká Já Ọmọ Lẹ́nu Ọmú, àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Fi Akọ Sí Abo

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n kó tó dàgbà débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kúrò lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀ lásìkò. Ìwé ìlàlóye yìí wà fún àwọn àgbẹ̀ Ajue, Ore àti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo tí wọ́n ń sin òkété tàbí tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kó yé wa ni pé ọjọ́ tí ọmọ òkété kúrò lẹ́nu ọmú, ọjọ́ tí a ya akọ kúrò lára abo, àti ọjọ́ tí a gbà kí akọ gun abo, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni òkété rẹ̀ máa ń bí tí kì í pọ̀.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni S. S. Ajayi ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí bí a ṣe lè sọ òkété di ẹran ọ̀sìn. Ohun tí a mọ̀ nípa ẹran yìí ni pé oyún rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí oṣù kan, ó ń bí ọmọ 1 sí 5, mẹ́rin ló sì wọ́pọ̀. Ọmọ náà kì í ní irun lára nígbà tí wọ́n bá bí i, ojú rẹ̀ a sì wà ní dídì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí ló fà á tí kò fi yẹ ká gba òfin eku funfun tí wọ́n ń lò ní ilé ìwádìí, ká fi sin òkété. Ọjọ́ 21 ni wọ́n ń já eku funfun lẹ́nu ọmú. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkété, ọmọ tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là la fẹ́ kó máa dá jẹun. Ti ọ̀yà tún yàtọ̀: oyún oṣù márùn-ún ló ń ní, ọmọ rẹ̀ sì ń jáde pẹ̀lú irun àti ojú lílà.

Nǹkan bí ọjọ́ 28 ló yẹ ká já ọmọ òkété lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ni ká wò ju kàlẹ́ńdà lọ. Ìyá òkété máa ń kó oúnjẹ sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, a sì tú u sí ìtẹ́. Bí ọmọ bá ti ń fi eyín ara rẹ̀ họ ẹran ara ẹyìn, tó ń jẹ àgbàdo àti pákí gbígbẹ, tó sì ń sanra sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ti tó. Èyí tó bá kéré jù nínú wọn, ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan sí i lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ká ya akọ sọ́tọ̀ kí ọmọ ìyá má baà gun ara wọn. Ẹ gbé ìrù sókè: àlàfo tó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí máa ń gùn lára akọ ju ti abo lọ. Òkété lè bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn láti bí oṣù márùn-ún, ṣùgbọ́n a gbà yín nímọ̀ràn pé kí abo pé oṣù mẹ́fà tàbí méje kó tó rí akọ. Abo tó lóyún nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà yóò máa pín oúnjẹ kan ṣoṣo fún ara rẹ̀, oyún àti wàrà.

Àwọn kan á ní, “Ta ló ń ya akọ sọ́tọ̀ nínú igbó Oluwa?” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú igbó, òkété kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ihò tirẹ̀; ọmọ tó bá dàgbà á wá ibòmíràn lọ. Nínú kéèjì, kò síbi tó máa sá gbà. Àwọn mìíràn á ní owó ń dúró. Ẹ ṣírò rẹ̀: oyún oṣù kan ni. Ẹni tó bá dúró fún oṣù kan tàbí méjì, ìbímọ kan péré ló sún síwájú. Ẹni tó kánjú lè pàdánù ìyá àti ọmọ pọ̀, torí ìyá eku tí ara nira fún a máa pa ọmọ rẹ̀ jẹ.

Àtakò tó lágbára jù sí òkété sísìn fúnra rẹ̀ ni ti ibà Lásà, tó ń yọ ìpínlẹ̀ Òndó lẹ́nu. Eku kékeré tí wọ́n ń pè ní Mastomys natalensis, tó ń wọ inú ilé, ni olórí tó ń gbé àrùn náà, òkété kọ́. Síbẹ̀, oúnjẹ tó bá dà sílẹ̀ lábẹ́ kéèjì ló ń pe eku yìí wá, ìgbà ìjálẹ́nu-ọmú sì ni oúnjẹ ń dà sílẹ̀ jù. Òkété náà kò sì mọ́ lọ́wọ́ àrùn pátápátá: ní ọdún 2003, àwọn eku tí wọ́n kó láti Gánà, tí òkété wà nínú wọn, ni wọ́n gbé àrùn mpox dé Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó di ọmọ òkété mú, ẹ gbá ilẹ̀ lálaalẹ́, ẹ fi oúnjẹ sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ má sì da òkété tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ pọ̀ mọ́ ti ilé. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì sọ pé ẹ ń sin òkété.

Lórí kéèjì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ ìbí sára pátákó kékeré. Láti orí rẹ̀ ni ẹ ó ti máa ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti oṣù mẹ́fà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí oníbàárà bá dé.